Òkúta Tí Ń Jẹ́ Kí Ilẹ̀ Mu Omi

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Abuja pe àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n ní kí àwa àgbà tó ti fẹ̀yìn tì wá sọ iṣẹ́ tí a ṣe fún wọn. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè níwájú. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní ińtálọ́ọ̀kì lẹ fi gbogbo ayé yín tẹ́. Ṣé kò sú yín ni?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ìyá mi gan-an ti bi mí ní ìbéèrè yẹn rí, òun kò sì rẹ́rìn-ín nígbà tirẹ̀.

Ìdáhùn tí mo fún un lọ́jọ́ náà kúrú. Mo wá jókòó láti kọ èyí tó gùn, fún ẹnikẹ́ni nínú yín tó ń rò ó lọ́wọ́ pé iṣẹ́ wo ni òun ì bá kọ́.

Adérónkẹ́ ni orúkọ mi. Ọmọ ìlú Ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ Okun, ní ìpínlẹ̀ Kogi, ni mí. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilé kíkọ́ ní pólì, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo sì gba Abuja lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Karu. Ìrètí wa ni pé n ó rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan. Mo kọ lẹ́tà títí, èsì kò dé. Òjò ló padà fún mi níṣẹ́.

Kọnkéré ni wọ́n dà sí gbogbo àgbàlá ilé tí à ń gbé. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á kún ibẹ̀ bí àwo ọbẹ̀, á sì wọ yàrá tiwa tó wà ní ìsàlẹ̀. Onílé ti pe bíríkìlà mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì fi kọnkéré kún kọnkéré. Ẹni kẹrin tó pè ni bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Ìlọrin, Baba Sálíù. Ó dé fìlà, ó gbé dígà lé èjìká, ó sì mú garawa kan dání. Ó fọ́ kọnkéré níbi kan, ó gbẹ́ ihò tó jìn dé orúnkún, ó da omi kún un, ó jókòó tì í, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín pa mí.

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín yẹn, ṣé o mọ aago wò?"

"Mo mọ̀ ọ́n wò, sà."

"Wá bá mi wò ó, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì."

Wákàtí méjì ni mo fi jókòó ti ihò náà pẹ̀lú rẹ̀, à ń wo bí omi ṣe ń wọlẹ̀. Nígbà tí oṣù fi parí, wọ́n ti hú gbogbo kọnkéré náà, wọ́n sì ti tẹ́ òkúta tirẹ̀ síbẹ̀. Òjò ńlá kan rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi dúró lójú fèrèsé, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti àkísà lọ́wọ́ wa bí a ti máa ń ṣe. Omi kò wọlé. Nígbà tí òjò dá, mo jáde sí àgbàlá, kò sí adágún kankan níbẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ wá Baba Sálíù sí ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà ráńpẹ́. Bí ẹ bá fi kọnkéré bo gbogbo iwájú ilé, òjò tó yẹ kí ilẹ̀ mu á sáré lọ sí gọ́tà, gọ́tà á kún, á sì tú u sílé ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tiwa ni láti gbẹ́ ilẹ̀ náà wálẹ̀, kí a kó òkúta ńlá tí kò ní eruku sí i, kí a kó òkúta wẹ́wẹ́ lé e, kí a wá to ińtálọ́ọ̀kì sórí rẹ̀. A máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi òkúta wẹ́wẹ́ dí àyè náà. A kì í fi sìmẹ́ńtì dí i. Omi á gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀, á dúró sáàárín òkúta ìsàlẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi ráyè mu ún. Nítorí náà, ilẹ̀ ni ọ̀gá. Ilẹ̀ oníyanrìn á gbé omi mì kíákíá. Ilẹ̀ amọ̀ á máa mu ún díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tí kò fẹ́ àgbo. Ẹni tí kò bá bi ilẹ̀ léèrè kó tó ya àwòrán, adágún omi ló ń kọ́ fún onílé.

Baba Sálíù kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan àwòrán fún bí ọdún kan. Ihò ni mo ń gbẹ́. Mo gbẹ́ ihò ní Kubwa, mo gbẹ́ ní Lugbe, mo gbẹ́ ní Idu níbi tí ilẹ̀ le bí eyín. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ mí ní Madam Ihò. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa láti ilé, ó di àtẹ́lẹwọ́ mi mú, ó rí bó ṣe bó. Ó ní, "Rónkẹ́, ṣé torí kó o lè máa gbẹ́ ihò la ṣe rán ọ níwèé? Ṣé kò sú ọ?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo fa ọwọ́ mi padà, nítorí ó ti fẹ́ẹ̀ sú mi lóòótọ́.

Ìlànà Baba kò yí padà. Ihò mẹ́rin lórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Da omi sí i, jẹ́ kí ilẹ̀ mu àmuyó. Tún omi dà, kó o tó wá wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ kan ní Idu, oòrùn mú, ebi ń pa mí, mo kọ nọ́ńbà tí n kò wọ̀n sínú ìwé, mo lọ jẹun. Nígbà tí mo padà dé, Baba ń bẹ lórí ìkúnlẹ̀ létí ihò náà.

"O ní omi ti lọ sílẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

Ó mú ọwọ́ mi, ó fi kan ara ihò náà. Ibi tí omi ti lọ sílẹ̀ dé kò ju ìbú ìka méjì lọ. Ó ṣì tutù. Ó ní, "Èèyàn lè purọ́ fún mi. Ihò kì í purọ́." Ó da garawa omi mìíràn sí i, ó ní kí n jókòó tì í títí yóò fi gbẹ. Gbogbo òṣìṣẹ́ lọ sílé, mo ṣì jókòó síbẹ̀. Kó má baà dà bí ẹni pé ó ń fìyà jẹ mí lásán, òun náà jókòó ní òdìkejì ihò, ó ń wo omi náà pẹ̀lú mi.

Bí Baba ṣe le lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ló le lórí ọ̀rọ̀ òkúta. Bí típà bá gbé òkúta dé láti ìhà Mpape, Baba á bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú garawa funfun, á da omi sí i, á rò ó. Bí omi náà bá funfun bí ẹ̀kọ, eruku wà nínú òkúta nìyẹn, típà á padà. Awakọ̀ á bẹ̀, á bínú, á pe Ọlọ́run. Baba á máa fi pẹ́ńsù kúkúrú rẹ̀ kọ nǹkan sínú ìwé bí ẹni tí kò gbọ́. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Eruku tó kéré lónìí ni amọ̀ tí yóò dí ọ̀nà omi lọ́la. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù."

Nígbà tó wá fún mi ní pẹ́ńsù àti ìwé àwòrán, mo ti mọ ilẹ̀ Abuja bí ẹni mọ ojú àwọn ará ilé rẹ̀. A ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ pa pọ̀: iwájú ilé, ọgbà ilé ìwé, ibi ìgbọ́kọ̀sí mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkàn mi balẹ̀. Ó balẹ̀ jù.

Ọdún tí Baba lọ sí Mẹ́kà, ó fi iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́: ibi ìgbọ́kọ̀sí ìjọ kan ní ìhà Kubwa. Ilẹ̀ náà da gẹ̀rẹ́ wá sí ìsàlẹ̀, níbi tí ògiri ìjọ ti pààlà pẹ̀lú ilé Màmá Ládì, ìyá arúgbó Gbagyi kan. Bọ́ọ̀sì ìjọ kan tó ti kú wà ní ìsàlẹ̀ náà gẹ́lẹ́. Mo gbẹ́ ihò méjì ní òkè, ilẹ̀ mu omi dáadáa. Mo ní kí wọ́n gbé bọ́ọ̀sì kúrò kí n lè gbẹ́ méjì yòókù.

Alàgbà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní, "Arábìnrin Rónkẹ́, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rìnrìn àjò. Ọjọ́ ìkórè sì ti dé tán. Ṣé ilẹ̀ kan náà kọ́ ni?"

Mo wo ilẹ̀ náà. Mo ní, "Ilẹ̀ kan náà ni, sà."

Ọjọ́ tí a fẹ́ tẹ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n tó wọ́ bọ́ọ̀sì náà kúrò. Mo lè gbẹ́ ihò lọ́jọ́ náà. Dígà wà nílẹ̀, omi wà nínú dúrọ́ọ̀mù. N kò gbẹ́ ẹ. Ohun tí n kò ì tíì gbàgbé títí dòní nìyẹn.

Ìkórè kẹ́sẹ járí, wọ́n yìn mí, wọ́n gbàdúrà fún mi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kejì, òjò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, kò sì dá títí di ìrọ̀lẹ́. Amọ̀ ni gbogbo ìsàlẹ̀ yẹn. Wọ́n ti kó o dà síbẹ̀ nígbà kan tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Òkúta wa ń gba omi láti òkè, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ kò mu ún, omi náà sì gba abẹ́ lọ sí ìdí ògiri, ó ń jẹ ẹ́ láìsí ẹni tó rí i. Ògiri náà wó lu ilé ìdáná Màmá Ládì. Ó wà nínú rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí mo fi débẹ̀, wọ́n ti fà á jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti kán, òjò sì ń pa gbogbo wa.  

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn èèyàn ń sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, ẹ̀mí kò lọ. Alàgbà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Ògiri yẹn ti gbó. Òjò ọdún yìí sì pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò dá ọ lẹ́bi." Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń lọ kí Màmá Ládì lọ́sibítù, mo ń gbé ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, n kò sì sọ òtítọ́ fún un.

Baba Sálíù dé láti Mẹ́kà. Kò tíì tú ẹrù rẹ̀ tí ó fi ránṣẹ́ pè mí. Ìwé iṣẹ́ náà ló béèrè. Ó ṣí i, ó wò ó.

"Ihò mẹ́rin dà?"

Mo kúnlẹ̀. "Méjì ni mo gbẹ́, Baba."

Ó pa ìwé náà dé jẹ́jẹ́. "Ta lo ti sọ ọ́ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan, Baba."

Ó ní, "Èmi kọ́ ni ògiri wó lù."

A jọ lọ sí ọsibítù ni. Baba dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò bá mi wọlé. Haúsá ni èmi àti Màmá Ládì fi ń gbọ́ ara wa. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: ihò méjì tí n kò gbẹ́, bọ́ọ̀sì, dígà tó wà nílẹ̀. Ó tẹ́tí gbọ́ mi tán.

"Kai," ó ní. "O mọ ibi tó yẹ kó o wò, o kò wò ó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó yí ojú sí fèrèsé. "Àwọn tó ń wá kí mi ń sọ pé Ọlọ́run ló wó ògiri náà lù mí. Mo dùbúlẹ̀ síbí, mo ń rò ó pé kí ni mo fi ṣẹ Ọlọ́run." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Yauwa. Ìwọ ni, kì í ṣe Òun. Dìde. Lọ tún un ṣe. Bó o bá ṣe é tán, wá mú mi lọ wò ó."

Mo dìde, mo fẹ́ẹ̀ máa sunkún. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irọ́ tí mo dákẹ́ lé lórí ti ń jẹ ẹlòmíràn lọ́kàn, bí omi yẹn ṣe jẹ ìdí ògiri.

A tú ìsàlẹ̀ náà palẹ̀. Èmi àti Baba la gbé ìnáwó rẹ̀. Ojú pópó ni àwọn ará ìjọ ń gbọ́kọ̀ sí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àwọn mìíràn sì ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi bí wọ́n bá ń kọjá. Mo gbẹ́ ihò kẹta àti ẹ̀kẹrin fúnra mi, níṣojú Alàgbà. Omi tí a dà síbẹ̀ láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Alàgbà wò ó, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní, "Arábìnrin, èmi náà jẹ̀bi." A ri páìpù tí a lu ihò sí lára sáàárín òkúta láti máa kó àjẹkù omi lọ sí gọ́tà ìta, a sún òkúta náà jìnnà sí ìdí ògiri, a sì tún ògiri àti ilé ìdáná mọ. Nígbà tí Màmá Ládì fi ọ̀pá rìn wá, ó ní kí wọ́n tú omi táǹkì kan sílẹ̀ níṣojú òun. Ó wo bí omi ṣe ń pòórá sáàárín òkúta. Ó wò ó títí, ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé ilé ìdáná mi padà sí ẹ̀gbẹ́ yẹn o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun ló sì rẹ́rìn-ín jù.

Láti ìgbà náà, n kò gbọ́ pé "ilẹ̀ kan náà ni" lẹ́nu ẹnikẹ́ni kí n má dá a dúró.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, rọ́bà tí a rọ omi sí la fi ń mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀. Ẹni méjì á di orí rẹ̀ mú, wọn á máa pariwo síra wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń tan iná pupa dé, ẹnìkan ṣoṣo sì lè ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Aṣọ tí omi ń gbà kọjá dé, tí à ń tẹ́ sáàárín ilẹ̀ àti òkúta kí amọ̀ má baà gòkè. Kọ̀ǹpútà ló bá mi jà jù. Mo ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún nígbà tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ya àwòrán. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo pa iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta rẹ́ nípa títẹ nǹkan kan ṣoṣo. Mo sunkún bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ, ó sì wúlò. Kò tíì sí ẹ̀rọ tó gba ipò garawa omi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn fún yín.

Baba Sálíù darúgbó jẹ́jẹ́, ó sì kú sílé rẹ̀ ní Ìlọrin láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Mo lọ. Lára àwọn tó ń gbẹ́ sàréè rẹ̀, ẹnìkan bá òkúta pàdé, ó ní kí wọ́n wá ibòmíràn. Mo gbọ́ tí àkọ́bí Baba ní, "Bàbá wa ò ní í bínú sí òkúta." Ẹ̀rín pa gbogbo àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́, pẹ̀lú omijé lójú.

Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn ni ti ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Abaji. Bí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, iwájú ilé náà á di ẹrẹ̀ tó ń fa bàtà yọ. Ọlọ́dẹ wọn sọ fún mi pé òun ti gbé aboyún pọ̀n kọjá ẹrẹ̀ yẹn ju bí òun ṣe lè kà lọ, àti pé òun pẹ̀lú ọ̀kan ti jọ ṣubú sínú rẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́, Títí, ló bá mi ṣe é; Abuja ni wọ́n bí i sí. Yorùbá yé e ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ. Bí mo bá bá a sọ Yorùbá, á fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, a ó sì gbọ́ ara wa yé. Mo wo ihò mẹ́rin tó gbẹ́, amọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Mo ya páìpù sínú àwòrán, kó máa kó omi lọ sí gọ́tà títì. Òun kò fara mọ́ ọn.

Ó ní, "Ma, gọ́tà yẹn gba iwájú ilé àwọn èèyàn ní ìsàlẹ̀. Ó ti kún tẹ́lẹ̀. Mo gbẹ́ ihò kan jìn ju àwọn yòókù lọ. Amọ̀ náà kò nípọn. Ilẹ̀ oníyanrìn wà lábẹ́ rẹ̀."

"Títí, mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ọ."

"Mo mọ̀, ma. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó."

Yorùbá ló fi sọ ìyẹn. Mo lọ wò ó, mo ń kùn bí mo ṣe ń lọ. Mo dojú bolẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì kí n lè rí ìsàlẹ̀ ihò. Ó da omi sí i. Omi náà dúró díẹ̀ lórí amọ̀ tó yí i ká, ó wá wọ yanrìn ìsàlẹ̀, ó lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo dìde, mo gbọn eruku ara mi, mo fagi lé àwòrán tèmi. A lu amọ̀ náà já ní ibi mélòó kan tó jìnnà sí kànga wọn, a fi òkúta mímọ́ kún un, a sì tẹ́ tiwa lé e lórí. Orúkọ Títí ni mo ní kí wọ́n kọ síwájú lórí àwòrán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, n kò ní tàn yín. Iṣẹ́ yìí ń fa ẹ̀yìn ríro, oòrùn á sì máa pa yín. Àwọn èèyàn kì í yin ibi tí omi kò dúró sí. Omi tó bá dúró nìkan ni wọ́n ń rí. Ṣùgbọ́n ìlú yìí ń fẹ̀ lójoojúmọ́, kọnkéré ń bo ilẹ̀, òjò kò sì ṣíwọ́. Wọn yóò máa wá yín.

Lẹ́yìn tí a parí iṣẹ́ Abaji, mo lọ síbẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀. Mo jókòó sínú mọ́tò, wáípà ń lọ, ó ń bọ̀. Ọ̀kadà kan yà wọlé, ó gbé aboyún kan àti ìyá ọkọ rẹ̀. Ọlọ́dẹ sáré jáde, ó ti ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún bí ìṣe rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí obìnrin náà lè gun òun lẹ́yìn. Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé òkúta, ó gbé èkejì. Ó di ìdí mú, ó dúró kí ìrora kan kọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, nínú òjò. Ọlọ́dẹ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ.